Ìborùn Dúdú Lọ́rùn Ìyá Abílio

“Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi Abílio ti…”

“Rọra sọ̀rọ̀, ìyàwó ẹ̀ ń…”

“Ìyá ẹ̀ ti da dúdú bọrùn létí òkun, mo fojú ara mi…”

Bí Graciete ṣe ń yípo nínú agbo ijó ni ọ̀rọ̀ náà ń já sí i létí. Yẹ̀rì méje tó wọ̀ lérí ara wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ń lu pákó, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Láti ìdájí àná ni Abílio, ọkọ rẹ̀, ti wà lójú omi, òkun Nasaré, ìlú apẹja wọn, sì ti ń ru láti òwúrọ̀.

Kò lè jáde. Obìnrin tó ní ẹni lójú omi kì í fi agbo sílẹ̀ kí orin tó parí. Wọ́n ní bí ẹni já okùn ọkọ̀ ẹni náà ni. Ìborùn aláró, kì í ṣe dúdú, ni ìyá ọkọ rẹ̀ sì máa ń dà. Ta ní í wọ dúdú ládùúgbò yìí bí kò ṣe ẹni tí òkú kàn?

Belarmino, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ lu ẹnu ìkòkò bí ìlù fún àwọn oníjó, rí ojú rẹ̀.

“Ẹ̀rín dà, ìyàwó Abílio? Àbí ẹja rẹ ò tà ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà fi eyín hàn, ó ń yípo lọ. Ó ku ẹsẹ̀ orin mẹ́ta. Ó ku méjì. Ó ń fẹ́ kó parí, ó tún ń bẹ̀rù kó parí.

Bí orin ṣe dákẹ́, ó di Zulmira, tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn agbo, mú lápá.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní ọkọ mi kú?”

“N ò ní ó kú o. Dúdú ni mo rí lọ́rùn ìyá ẹ̀. Ìborùn Otília ni. Lọ bi í.”

Graciete sáré dé ibi tí Otília, opó àgbà, ti ń sá ẹja sórí àwọ̀n. Kò sí ìborùn dúdú rẹ̀ léjìká opó náà.

“Ìyá, kí ni ìyá ọkọ mi sọ fún yín? Ẹ má yọ níbẹ̀, ẹ má fi kún un.”

“Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ó ní, ‘Otília, yá mi ní ìborùn rẹ, ìgbì òkun ti rin tèmi. Ọkọ̀ ọmọ mi ò tíì wọlé, mi ò sì fẹ́ kí òtútù lé mi kúrò níbí kó tó dé.’”