Ẹ̀rọ Kẹtàdínlógún

Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí olóṣèlú tí kì í rántí orúkọ tálákà. Oṣù méjì péré ló kù kí wọ́n dìbò nígbà tí Ọnọrébù Ayọ̀tọ́lá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Kàsúmù ní Oko Ọba tí wọ́n ti ń pa ẹran, níbi tó ti ń fi iná sun awọ màlúù, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ ẹ̀rọ ahunṣọ yẹn tinú tòde. Àwọn òyìnbó olówó ń bọ̀ wá wò ó. Tí wọ́n bá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ṣí fákítọ̀rì padà. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ọ̀gá níbẹ̀, ó dájú."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Kàsúmù fi dúró ti ẹ̀rọ kẹtàdínlógún ní fákítọ̀rì aṣọ tó wà lẹ́yìn Dópẹ̀mú. Ọjọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tó bá rí ló ń ṣe jẹun, àmọ́ kò pe ìkankan níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, létí. "Bàbá Uswat, ẹ rọra o. Ìbò làwọn èèyàn yìí ń wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wá ìbò wọn. Iṣẹ́ mi lèmi ń wá."

Ó kí wọn ní Oko Ọba pé ó dìgbà, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nínú eruku fákítọ̀rì, tó ń yọ irin lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú láti fi wo kẹtàdínlógún sàn. Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà sì han gooro, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ. Inú Kàsúmù dùn débi pé ó gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó béèrè nǹkan, Ọnọrébù túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ṣé ó ṣeé tú?"

Kàsúmù rẹ́rìn-ín. Ta ni àlejò máa bi léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní fi gbogbo rẹ̀ hàn án? "Ojú mi ni wọ́n ṣe tò ó. Ó ṣeé tú bí ẹni ń tú irun." Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ nọ́ńbà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, láti èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ tú títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Òyìnbó ń ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò.

Wọ́n dìbò, Ọnọrébù sì wọlé. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Job, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pe Kàsúmù lórí fóònù. "Bàbá, iṣẹ́ ti dé o. Ẹ mú sípánà yín bọ̀ lọ́la." Sùlíyá fọwọ́ ara rẹ̀ lọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

Tírélà ni Kàsúmù bá lẹ́nu ọ̀nà fákítọ̀rì.

"Àwọn òyìnbó ti ra ẹ̀rọ yẹn," ni Job wí. "Fákítọ̀rì tiwọn lókè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ. Tí kò bá ṣiṣẹ́ ni, wọn ò ní rà á. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, kẹ́ ẹ bá wa tú u."

"Job, ṣé ohun tí Ọnọrébù pè níṣẹ́ nìyí?"

Job ò lè wojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n rán mi ni."

Kàsúmù yíjú àtilọ. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló ti rí àwọn géńdé méjì nínú fákítọ̀rì tí wọ́n ti irin bọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, tí wọ́n fẹ́ fi tipátipá hú u nílẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ máa ṣẹ́ ẹ!"

Ó sáré wọlé, ó tì wọ́n kúrò níbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá nọ́ńbà kìíní rí, ó sì ki sípánà bọ̀ ọ́. Omi ojú ò jẹ́ kó ríran dáadáa, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà.