Pèpéle Sìmẹ́ǹtì ní Mahuta

Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn ará Mahuta kò wo ọrùn Olúṣẹ̀yẹ. Táì tó so mọ́ ọn ni wọ́n ń wò.

Kọnsọ́táǹtì ni. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń fi eré àti orin tún àdúgbò ṣe, bí ẹnu ara rẹ̀ ṣe wí. Ó ṣeré ẹ̀fọn ní Mando, ẹ̀fọn ò kó lọ. Ó ṣeré ṣáláńgá ní Gonin Gora, inú igbó náà ni wọ́n ṣì ń lọ. Kìkì òun ni ìdàgbàsókè náà bá délé: ó kọ́lé, ó ra mọ́tò Pijó.

Ní 1994, ó dé Mahuta, ní Kaduna. Ẹnu kànga àdúgbò ti wó. Ẹsẹ̀ Bilqees, ọmọ-ọmọ Folúṣadé, ìyá àgbà tó ń ki oríkì ládùúgbò, ti yọ̀ níbẹ̀ rí. Ọlọ́run Ọba ló ní kó di okùn mú. Àwọn òyìnbó kan fi ogún àpò sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi mọ ẹnu kànga. Olúṣẹ̀yẹ fi mẹ́rìndínlógún mọ pèpéle, níbi tí àwọn obìnrin yóò ti ṣeré nípa kànga tó wó. Ó kó mẹ́rin tó kù sẹ́yìn Pijó.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ó kì mí lójú àwọn òyìnbó àlejò wa," ó sọ fún Folúṣadé.

"Mo gbọ́. Kí ni oríkì ilé yín, ọmọ mi?"

Ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo ayé ní àṣà wọn wolẹ̀. Kaduna ni wọ́n bí i sí. Kò bèèrè rí.

"Ẹ ṣáà fi dìgírì mi sí i."

Rashidat, ọ̀rẹ́ Folúṣadé, pòṣé. "Kai! Igi tí ò ní gbòǹgbò ni wọ́n ní ká wá sá sábẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí àwọn àlejò jókòó tán, Folúṣadé gbàdúrà sínú, ó gun pèpéle, ó gbóhùn sókè:

"Olúṣẹ̀yẹ, a-mọ-pèpéle-nígbà-tí-kànga-ń-ya,
Ọkọ sìmẹ́ǹtì, ọ̀tá omi.
Ó rọ́mọ létí kòtò, ó ní ká pàtẹ́wọ́.
Òjò rọ̀ ní Mahuta, agbada tirẹ̀ ló kún!"

Àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín kú. Àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́. Yorùbá tí wọ́n fi ń ra ẹran lọ́jà nìkan ni Olúṣẹ̀yẹ gbọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló mú níbẹ̀, ló bá ń yan bí ọkọ ìyàwó.

"Madalla, Ìyá, ó dáa gan-an! Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, màá fi sínú ìròyìn mi."

Folúṣadé ti rí Bilqees tó lọ jókòó sí etí kànga kó lè rí ìran wò dáadáa. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wá yíjú sí ọkùnrin náà.

"Olúṣẹ̀yẹ, jọ̀wọ́, fún wa ní àpò mẹ́rin tó wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ."