Fíìmù Tí A Fi Dá Bàbá Dúró Sílé

Àwọn àgbà ẹbí ìyàwó mi mọ iṣẹ́ rán ènìyàn. Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1992, ọkọ̀ akẹ́rù gbá Ṣàfíù, àbúrò Mùnírátù ìyàwó mi, pa nítòsí Ìkòtún. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Egan láti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Baba tó bí i kò gbọdọ̀ gbọ́ títí wọn yóò fi sin ín tán, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ.

Ta ni yóò wá jókòó ti Bàbá? Gbogbo ọmọ ilé ti sunkún, ojú wọn ti pọ́n. Ni Àlàájì Hàrúnà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, bá nawọ́ sí èmi àna. Ó ní kí n lọ háyà fíìmù kábọ́ọ̀yì tó bá gùn jù, kí n fi dá Bàbá dúró sílé títí àwọn yóò fi wá túfọ̀. Àwọn àgbà nìkan ló lè túfọ̀. Èmi kò gbọdọ̀ la ẹnu. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ọ́ fún?

Inú Bàbá dùn nígbà tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dé ilé rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó fẹ́ràn kábọ́ọ̀yì bí nǹkan míì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Òyìnbó. Ṣàfíù ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé Ṣàfíù ńkọ́. Mo ní ó ń bọ̀.

Irú fíìmù wo ni mo tilẹ̀ lọ mú yìí? Kò sí ẹṣin tó ń sáré, kò sí pápá. Àwọn ọkùnrin kan ló há sínú ọkọ̀ ojú irin tó dákú sí àárín aṣálẹ̀. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀ wá ká wọn mọ́bẹ̀, wọn kò lè jáde, wọn kò sì mọ ìgbà tí ọ̀tá yóò dé. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ṣáá, ọwọ́ wọn wà lára ìbọn. Òógùn bò mí ju tiwọn lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lóde, ojú mi á lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ákítọ̀ kì í kú. Ṣàfíù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo sì ń túmọ̀ fíìmù. Ohun tí mo ń sọ kò bá ti àwọn Òyìnbó náà mu mọ́.

Ni wọ́n bá pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé. Bàbá dìde, ó ń wá bàtà. Bó bá débẹ̀, ẹnìkan á kí i kú àdánù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kírun nínú ilé. Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni mo wá ń sọ ibi tí Mùsùlùmí yóò ti kírun fún un! Ó wò mí títí. Ó tẹ́ ẹní, ó kírun, ó sì pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀. Nígbà tó padà jókòó, kò dárúkọ Ṣàfíù mọ́.

Fíìmù náà ń parí lọ nígbà tí Àlàájì Hàrúnà àti àwọn àgbà mìíràn wọlé, eruku pupa lẹ́sẹ̀ wọn. Àlàájì wúkọ́, ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, kò wojú ẹnikẹ́ni.

"Báyọ̀dé, dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀," ó sọ fún mi. "Tí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣì jẹ́ baba Ṣàfíù títí fíìmù yìí á fi tán."

Mo wo ojú Àlàájì bóyá yóò sọ ohun tí n ó ṣe. Mo tẹ bọ́tìnnì. Àlàájì fìdí lélẹ̀ lórí ẹní, ó kọjú sí fíìmù náà, omijé ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀.