Ìlù Tó Pẹ́ Dé

Ìyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i pé ọkàn mi ò sí nílé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wò mí.

"Ọkọ mi, ẹ̀rọ wo ló tún bá yín jà?"

Mo ní kò sí.

"Ó dáa, ẹ máa wo ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Tó bá dá yín lóhùn, ẹ pè mí."

Ọkọ rẹ̀ ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, ó na páàdì géèmù sí mi. Àbíkẹ́yìn ìyá wa ni. Oṣù rẹ̀ ò pé tó fi jáde sáyé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Kánjú. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Títí dòní, kì í jẹ́ kí èèyàn parí ìbéèrè kó tó dáhùn.

"Àǹtí mi, ẹ wá kú díẹ̀," ó ní.

"Mi ò kú lónìí. Ìwọ máa kú, kí n máa wò ọ́."

Géèmù kan ló rà láìpẹ́ sígbà yẹn. Ọmọge kan tó gbé àtùpà lọ́wọ́ ló ń sọ̀kalẹ̀ sínú ilé kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀, láti ìpele dé ìpele. Ilẹ̀ ibẹ̀ pín sí ojú kéékèèké bíi pátákó dráfù. Orin ń lọ láìdúró, ìlù inú orin náà ló sì láṣẹ: ìlù kan, ìṣísẹ̀ kan. Tó o bá tẹ bọ́tìnì ṣáájú ìlù, tàbí tó o tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìlù, ọmọge náà á dúró gbagidi lójú kan, ohun burúkú tó bá wà nítòsí á sì gé e jẹ. Àwọn ohun burúkú náà ń jó ní tiwọn. Eku á lọ sọ́tùn-ún, á bọ̀ sósì, kì í yà síbòmíràn. Egungun òkú á gbọ́wọ́ sókè ní ìlù kan, á gbá a wálẹ̀ ní ìlù kejì, àárín méjèèjì lèèyàn ti gbọ́dọ̀ lù ú. Ère òkúta kan tiẹ̀ wà tí kì í mira àfi tó o bá ṣi ìlù. Tó o bá kú, gbogbo ohun tó o ti ṣà lọ́wọ́ ti lọ, o padà sókè pátápátá, ilé náà á sì ti tún ara rẹ̀ tò. Ẹnu ọ̀nà àná ti di ògiri, ògiri àná ti di ibùba eku. Ohun kan ṣoṣo tó o gbé bọ̀ látinú ikú ni ìmọ̀ bí kálukú wọn ṣe ń jó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi dùn bíi ti ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí kò tíì tú rí síwájú rẹ̀. Mo ní eléyìí, tèmi ni. Ta ló tún mọ ìlù ju ẹni tó ń fi etí tún màṣíìnì ṣe?

Iṣẹ́ mi nìyẹn, títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Màṣíìnì ìyá wa ni mo tú nílé, mi ò mọ bí mo ṣe máa tò ó padà, mo sì jókòó tì í títí mo fi mọ̀ ọ́n. Èèyàn máa ń rò pé abẹ́rẹ́ ló ń ránṣọ. Abẹ́rẹ́ nìkan ò lè rán nǹkan kan. Tó bá wọlẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, òwú á tẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí etí ife, ìgbà yẹn gan-an ni ìkọ́ tó ń yí lábẹ́ gbọ́dọ̀ dé láti gbá a mú. Tí ìkọ́ bá yá jù, kò ní bá òwú níbẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, òwú ti lọ. Màṣíìnì á máa dún, aṣọ á máa kọjá, kò ní sí nǹkan tó dì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, mi ò tíì ṣí ìdérí tí mo ti máa gbọ́ èyí tó ṣe é.

Ẹni tó nírú etí bẹ́ẹ̀ ló ń kú ní ìpele àkọ́kọ́, nínú géèmù táwọn ọmọdé ń ṣe. Kì í ṣe ikú náà ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ tí géèmù yẹn máa ń kọ sórí ọmọge ni: *O pẹ́.* Mo di ojú, mo fi etí mú ìlù ṣinṣin, mo tẹ bọ́tìnì pẹ̀lú rẹ̀ gan-an. *O pẹ́.* Kánjú á gba páàdì lọ́wọ́ mi, á máa jó kọjá láàárín eku àti egungun bí ẹni ń lọ gbafẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá pè mí wá, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọwọ́ ìyá wa ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ láyé. Kò tíì máa gbọ̀n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé tí a bá ń kọrin tí a sì ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ tirẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn tiwa. A fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́tìnì ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un, lẹ́yìn bọ́tìnì ni abẹ́rẹ́. Bó ṣe dàgbà tó nígbà yẹn ni mo dàgbà tó báyìí.

Ọ̀gá ilé ìránṣọ ńlá kan sì ń retí èsì mi ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ajé. Bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ mi. Gbogbo màṣíìnì tó wà nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́ wọn máa wà lábẹ́ ìtọ́jú mi. Mo ti ń fẹ́ iṣẹ́ yẹn tipẹ́, mo sì ti pinnu pé màá sọ pé rárá. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń pẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sún ìkọ́ sí abẹ́rẹ́ fún odindi gbọ̀ngàn. Ìdè màṣíìnì kan, síkúrù kékeré, ti já bọ́ lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wò ó nílẹ̀ bí ẹni rí ejò. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn tí ìyàwó wa fi ní mò ń wo ilẹ̀.

Mo ní kí n lọ bu omi mu.

Ilé ìdáná wọn wà lẹ́yìn ògiri. Mo gbé ife sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mò ń dúró kó kún. Níbẹ̀, mi ò rí tẹlifíṣọ̀n, mi ò rí Kánjú, mo kàn ń gbọ́ wọn ni. Bọ́tìnì páàdì yẹn le, tó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á dún tà. Ìlù orin náà ń dún gbì látinú sípíkà kan tí kò ní wáyà, tí Kánjú gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù torí ó ní ohùn tẹlifíṣọ̀n náà tín-ín-rín jù.

Tà, gbì. Tà, gbì. Tà, gbì.

Mo tẹ́tí sí i. Ká ní màṣíìnì kan ló ń dún bẹ́ẹ̀ níwájú mi ni, màá ní ìkọ́ ń dé ṣáájú abẹ́rẹ́, kò lè ránṣọ. Ṣùgbọ́n Kánjú ń ránṣọ.

"Kánjú, ibo lo dé?"

"Ìpele kẹta. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó ń sọ fún ẹ pé o yá jù?"

"Kò sọ nǹkan kan. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

Tà, gbì. Tà, gbì. Omi ti kún ife, ó ń ṣàn lé mi lọ́wọ́.

Àbúrò mi ń tẹ bọ́tìnì ṣáájú ìlù, ó ń jàre. Èmi ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìlù, mò ń jẹ̀bi. A jẹ́ pé ìlù tí géèmù yẹn ń gbọ́ kọ́ ni àwa ń gbọ́. Tiwa ń pẹ́ lọ́nà.

Mo padà sí yàrá pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Mo wo ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí iná kékeré kan tí géèmù fi ń ka ìlù ti ń ṣẹ́jú. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò kà á sí, ẹni tó fọkàn tán etí kì í wo iná. Mo wò ó báyìí. Iná á ṣẹ́jú, ìlù á wá tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́jà.

"Pa sípíkà yẹn," mo ní.

"Kí ló ṣe é?"

"Pa á. Jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ó pa á, ó ń kùn. Orin náà di tín-ín-rín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Eku àkọ́kọ́ gé e jẹ, eku kejì pa á. *O yá jù,* ni géèmù kọ sí i lórí.

"Ẹ ti ba géèmù mi jẹ́."

"Gbé e wá."

Mo gba páàdì. Mi ò di ojú lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúró de ìlù, mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọge náà ṣí ẹsẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣí i. Eku lọ sọ́tùn-ún, mo dúró dè é lósì, mo lù ú. Egungun gbọ́wọ́ sókè, mo wọlé sábẹ́ ọwọ́ náà kó tó gbá a wálẹ̀. Ère òkúta ń wò mí, kò rí ìdí kankan tó fi máa mira. Ẹsẹ̀ ọmọge náà àti ìlù ń pàdé bí ìkọ́ tó bá òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀ sí ìpele kejì tí mi ò dé rí, mo kọjá ibẹ̀, mo dé ìkẹta. Nígbà náà ni mo rí àpótí kan láàárín egungun méjì. Mo mọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀. Mo lọ. Wọ́n pa mí.

Géèmù ò kọ nǹkan kan sí mi lórí. Ojúkòkòrò ló pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó wá di pé omi náà ò fẹ́ dúró mọ́.

Ìyàwó wa fa áyọ́ọ̀nù yọ lára iná. "Ọkọ mi?"

"Ọwọ́ mi kọ́ ló ń pẹ́," mo ní. "Sípíkà ni. Tẹlifíṣọ̀n ń ju ohùn sí i láti ọ̀nà jíjìn, ó ní láti gbà á, kó tú u bí ẹrù, kó tó sọ ọ́. Mo ti rò pé ọwọ́ ìyá wa ló ti dé ọ̀dọ̀ mi."

Kánjú, tí kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀, jẹ́ kí n parí èyí. Ó ń yí páàdì lọ́wọ́.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ti ń wo ọwọ́ yín. Kí lẹ rò pé mo ṣe ń pè yín wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú? Mo ní bóyá tí ẹ bá ń ṣe é léraléra, á padà yá."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ṣé ẹ̀yin sọ fún mi ni?"

"Ìdè kan tún já bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí," mo ní, torí ìyẹn náà ṣì wà nínú mi.

"Àǹtí mi, ìdè ń bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ṣé ẹ mọ iye àwo tó ti fọ́ nínú ilé yìí?"

"Ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan."

"Má dárúkọ. Ẹni tó ti ń ṣáájú ìlù láti inú oyún, òun ló ń ka àwo."

Mo mú fóònù, mo bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀gá ilé ìránṣọ gbé e kíákíá, ó jọ pé ó ń jẹun.

"Ẹ kú ìsinmi, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọ̀la yẹn, mi ò fẹ́ kó di ọ̀la mọ́."

"Ẹ má sọ pé ẹ ò wá."

"Mò ń bọ̀. Ẹ kàn bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n má tíì kó irinṣẹ́ wọn lọ, mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń sún ìkọ́ àwọn màṣíìnì àtijọ́ yẹn."

Ó ní òun á sọ fún wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é lóore.

Nígbà tí mo wọlé padà, ìyàwó wa ti tan áyọ́ọ̀nù, Kánjú sì tún ti kú. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó gbé èjìká sókè, ó fi ahọ́n kan ètè bí ọmọ iléèwé. Mo jókòó tì í. Mo di ojú, mò ń gbọ́. Tà rẹ̀ ṣì ń síwájú gbì.

"Dúró dè é," mo ní.

"Mò ń dúró."

Kò dúró.