Alàgbà Adédèjì àti Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Iyọ̀

Wọ́n ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbẹ́dìẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ò wọ ọkọ̀ ojú irin dé Dagenham East ní Lọ́ńdọ̀nù rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó jọ pé Alàgbà Adédèjì gan-an ló ń bá wí. Nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, fi Alàgbà joyè. Oyè ọ̀hún kò ní ìlẹ̀kẹ̀, kò ní fìlà. Ohun tó ní ni jákẹ́ẹ̀tì aláìlápá kan, aláwọ̀ ìyeyè, tó ní ìlà fàdákà tó ń kọ mànà. Ó ní ṣọ́bìrì kan. Ó sì ní kọ́kọ́rọ́ àpótí iyọ̀.

Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ tí à ń wí yìí rí gàràgàrà bí òkúta wẹ́wẹ́, ó pọ́n bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí kí yìnyín má baà gbá ẹlẹ́sẹ̀ lulẹ̀. Àpótí rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà. Ẹnì kan ti fi ọmọlanke kó o gbẹ lọ́dún tó kọjá, ìdí nìyẹn tí káńsù fi há a ní àgádágodo, tí wọ́n ní àfi kí ará àdúgbò kan fínnúfíndọ̀ di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, kó máa jí fọ́n iyọ̀ kí àwọn èèyàn tó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Alàgbà. Abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú Igbó ni wọ́n ti bí i. Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth, títí orúnkún rẹ̀ fi ní òun ò lọ mọ́. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, yàtọ̀ sí ìjọ Aládùúrà tó ti ń wọ sùtánà, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan sí ìkáwọ́ rẹ̀ rí nílùú òyìnbó. Nítorí náà, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé, ó so ó mọ́ okùn àgbélébùú ọrùn rẹ̀. Ó ń bá a wẹ̀, ó ń bá a sùn.

Olúbùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Ìyìn, èmi àti kọ́kọ́rọ́ yìí, ta lẹ gbé níyàwó gan-an?”

“Ìyá Ìyìn, ìwọ ò lè ṣí àpótí iyọ̀.”

Ẹnì kan wà tí oyè yìí dùn wọ akínyẹmí ara, tí kò sì rí i jẹ. Sylvanus ni, ará iwájú ilé wọn. Ọmọ Igbo ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òun náà kọ orúkọ sílẹ̀ ní káńsù, àmọ́ orúkọ Alàgbà ti ṣáájú. Ọjọ́ tí ó gbọ́, ó fẹ̀yìn ti géètì rẹ̀, ó ní, “Alàgbà, ẹ kú oríire o. Káńsù ti sọ yín di baba oníyọ̀. Ẹ rọra bù ú o, kó má lọ tán kí ọdún tuntun tó dé.”

Ọ̀rọ̀ yìí lọ jókòó sí Alàgbà lọ́kàn. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé iyọ̀ kò ní tán lójú òun kí Sylvanus máa fi òun rẹ́rìn-ín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìwé ìròyìn káńsù gba ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn wọlé. Alàgbà wọ awò ojú, ó pe ìyàwó rẹ̀ àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jókòó. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni ayálégbé wọn, ọmọ Òṣogbo tó wá ṣe iṣẹ́ kẹ́à lọ́dún 2022, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Alàgbà ka ìwé náà bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Káńsù ní kí wọ́n máa yọjú sí aládùúgbò tó bá dàgbà. Wọ́n ní kí yàrá kan, ó kéré tán, móoru. Wọ́n ní kí wọ́n fọ́n iyọ̀ sójú ọ̀nà dáadáa. Ó dé ìlà kan, ó dúró.

“‘Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sórí yìnyín, nítorí yóò tún padà dì.’” Ó wò wọ́n lórí awò. “Ta ló fẹ́ da omi gbígbóná sílẹ̀ nínú yín?”

“Pẹ̀lú owó gáàsì tó wà níta yìí?” Olúbùsọ́lá ní. “Èmi tí mò ń fi omi tútù ṣan abọ́!”

“Ó dáa. Kò kàn wá nìyẹn.” Ó ṣí ìwé sí ojú ewé kejì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Oṣù kìn-ín-ní dé, òtútù sì dé pẹ̀lú ìbínú. Koríko funfun bí irun àgbàlagbà. Alàgbà ṣí àpótí, ó wo iyọ̀, ó rántí ọ̀rọ̀ Sylvanus. Ó wá fi ìka mẹ́ta bù ú, ó ń wọ́n ọn síhìn-ín, ó ń wọ́n ọn sọ́hùn-ún, bí obìnrin tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Iyọ̀ tó yẹ kó fi ṣọ́bìrì kó, ìwọ̀nba ìkòkò ẹ̀fọ́ kan ló fọ́n sí òpópónà ilé méjìlélógójì.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí kì í ṣe iyọ̀ ló gbójú lé. Ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí Olúbùsọ́lá ṣì ń hanrun, Alàgbà a wọ sùtánà funfun, a gbé jákẹ́ẹ̀tì káńsù wọ̀ ọ́ lórí kí ipò má baà sọnù, a bọ́ bàtà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe Aládùúrà, a sì gbé omi àdúrà jáde. Ó ní màrìwò kan tó kù láti ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ. Yóò tì í bọ omi, yóò wọ́n ọn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí àpótí iyọ̀: “Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ ládùúgbò yìí! Ìṣubú kì í ṣe ìpín wa!” Lẹ́yìn náà, a wọlé, a na orúnkún rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì títí aago mẹ́wàá. Òtútù ò mú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti tẹ gbòǹgbò oko Ìjẹ̀bú fún ogún ọdún, kí ni yìnyín fẹ́ fi ṣe?

Lọ́jọ́ Ajé, Peter, òyìnbó tó ń pín lẹ́tà, yọ̀ lẹ́bàá géètì Alàgbà. Ìdí ló fi balẹ̀, lẹ́tà fò sókè bí ẹyẹ lékeléke. Nígbà tí Alàgbà gbọ́, ó mi orí. Ó fi kún omi: àwo tó ń lò tẹ́lẹ̀ di bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló kàn. Ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, oorun lójú, báàgì léjìká. Ó ní ṣe lòun rí ẹsẹ̀ òun níwájú òun, òun sì ń bi í pé níbo lò ń lọ. Alàgbà sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di méjì.

Lọ́jọ́rú, Olúbùsọ́lá fúnra rẹ̀ jáde lọ ra búrẹ́dì. Obìnrin náà jókòó láìsí ẹni tó fún un ní àga. Búrẹ́dì yí lọ títí, ó lọ dúró sí ẹnu géètì Sylvanus.

“Bàbá Ìyìn!” Ó di ìbàdí mú wọlé. “Nǹkan wà ní ojú ọ̀nà yìí!”

“Mo mọ̀,” Alàgbà ní. “Mo ti ń bá a jà láti ọjọ́ Ajé.”

Ọjọ́bọ̀ ni fóònù dún. Fèyí ni, ọmọbìnrin káńsù tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Barking ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń ki ẹsẹ̀ bọ Gẹ̀ẹ́sì.

“Daddy, ẹ káàsán sà. Wọ́n ti report pé people ń ṣubú ní street yín. Mò ń bọ̀ tomorrow, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ má bínú sà, but tó bá ṣì ń yọ̀, mo máa gba key fún ẹni tó wà next lórí list.”

Alàgbà mọ ẹni tó wà lórí ìwé náà. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, ojú wo ni òun máa fi wo fèrèsé iwájú? Ó wá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì rántí pé Sylvanus máa ń fọ mọ́tò rẹ̀ ní ojú títì.

“Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà,” ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Sylvanus ló ń da omi sílẹ̀ kí wọ́n lè gba oyè mi.”

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, kò tilẹ̀ mú màrìwò dání. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló dà sílẹ̀ gbuuru, títí dé iwájú ilé Sylvanus, kí àdúrà lè ká ọ̀tá mọ́ ilé.

Aago mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu géètì. Ojú ọ̀nà ń dán bí dígí. Fèyí sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní “Ẹ káàárọ̀ s—,” kò rí i parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó nawọ́ gbá ike ìdọ̀tí kan mú, ṣùgbọ́n ike náà ní táyà lẹ́sẹ̀, làwọn méjèèjì bá jọ gba ìsàlẹ̀ lọ bí ìyàwó àti ọkọ, ó di iwájú Sylvanus kí wọ́n tó dúró.

“Ẹ wo ibi tó gbé e lọ!” Alàgbà kígbe. “Iṣẹ́ ń tọ́ka sí oníṣẹ́! Sylvanus, ìwọ lò ń fọ mọ́tò!”

“Èmi? Alàgbà, ẹ fọwọ́ kan mọ́tò mi. Láti Kérésì lómi ò ti kàn án. Ìdọ̀tí ara ẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́!” Sylvanus yọ fóònù. “Ẹ jẹ́ ká bi agogo ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní kámẹ́rà. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń rí ẹnì kan, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́.”

Gbogbo wọn ya orí bo fóònù. Nínú òkùnkùn àwòrán náà, ẹnì kan yọ, ó funfun láti ọrùn dé ilẹ̀, àyà rẹ̀ ń kọ mànàmáná, ó ń da omi.

“Ṣé ẹ rí i?” Sylvanus rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo sọ fún ìyàwó mi pé áńgẹ́lì ti sọ̀ sí àdúgbò wa. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò fọwọ́ kan ọtí.”

“Áńgẹ́lì kọ́!” Inú ń bí Alàgbà. Òkùnkùn àwòrán náà ò jẹ́ kó dá ara rẹ̀ mọ̀. Kò rí ju ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń da omi láìbẹ̀rù. “Ọ̀tá nìyẹn! Ẹ wo bó ṣe ń rìn bí olè! Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde wá da omi yẹn, kò ní—”

Olúbùsọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ọkọ rẹ̀. “Bàbá Ìyìn! Ẹ má parí ẹ̀! Ẹ gbé e mì! Sùtánà tí mo lọ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn! Bọ́kẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn! Jákẹ́ẹ̀tì káńsù ló ń tàn láyà yẹn!”

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ kan di ìdí tó fi ṣubú mú.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Alàgbà kò tíì ṣubú, ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀yìn. Ó rí àwo omi ọjọ́ Ajé. Ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó rí méjì, ó rí mẹ́ta. Ó rí ìlà kan nínú ìwé ìròyìn káńsù.

“Omi gbígbóná ni wọ́n kọ síbẹ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Tèmi tútù.”

“Daddy,” Fèyí ní, ó ṣì di ike ìdọ̀tí mú, “tútù ló tún burú jù.”

Alàgbà bá bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. “Èmi ni. Kì í ṣe Sylvanus. Sylvanus, dákun, forí jì mí. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.” Ó nà án sí Fèyí, Fèyí sì gbé e fún Sylvanus.

Sylvanus gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó jù ú sókè, ó hán an. “Áńgẹ́lì káńsù, ẹ lọ sinmi. Aago mélòó ni iṣẹ́?”

“Five,” Fèyí ní. “Kí àwọn tó ń lọ síṣẹ́ tó jáde.”

“Márùn-ún ìrọ̀lẹ́?”

“Ìdájí.”

Ẹ̀rín ẹnu Sylvanus dá dúró lójú ọ̀nà. Èèyàn tó ń jí ní aago mẹ́sàn-án, tó tún ń bínú pé ilẹ̀ tètè mọ́!

“No problem,” Fèyí ní. “Daddy kúkú máa ń jí. Wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ó ṣí àpótí, Daddy á fọ́n iyọ̀. Pẹ̀lú ṣọ́bìrì o, Daddy, kì í ṣe ìka. Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á sórí iyọ̀.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago márùn-ún géérégé, Alàgbà tẹ agogo Sylvanus. Kò dáhùn. Alàgbà tún tẹ̀ ẹ́, ó sì fi orin ìjọ lé e. Sylvanus jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora. Lọ́jọ́ Àìkú, Alàgbà mú agogo ọwọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, nítorí ó ní ó ṣeé ṣe kí ti ẹnu ọ̀nà má dún dé òkè. Ọjọ́ Ajé, ó gbàdúrà fún Sylvanus, fún ìyàwó rẹ̀, fún mọ́tò tó dọ̀tí. Iyọ̀ kún ojú ọ̀nà bámúbámú. Peter kọjá láàárọ̀, bàtà rẹ̀ ń dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alàgbà kò tíì dé ẹsẹ kejì orin nígbà tí fèrèsé òkè ṣí. Nǹkan kan já bọ́ láti òkè, ó dún ṣaworo lórí ilẹ̀ oníyọ̀.

“Ẹ gbà! Ẹ máa gbé e lọ! Ẹ jẹ́ kí n sùn!”

Fèrèsé pa dé gbàgà.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa kọ́kọ́rọ́ náà nílẹ̀, ó nù ún lára sùtánà, ó so ó padà mọ́ àgbélébùú. Ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó fẹ́ máa lọ. Nígbà tó yá, ó padà sẹ́yìn, ó tún tẹ agogo.

“Sylvanus! Mo ní kí n dúpẹ́ ni.”