Ẹni Tó Dá Dúró Níwájú Katapílà

Lọ́jọ́ tí àdúgbò kóra jọ sí gbọ̀ngàn láti rántí bàbá wa, Télọ̀ ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ta ni wọn ì bá tún pè? Ọ̀rẹ́ àtikékeré ni òun àti bàbá wa. Bí bàbá wa bá ń jó irin níwájú ilé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Télọ̀ máa ń gbé àpótí sí, tí á máa gán etí ṣòkòtò, tí wọ́n á jọ máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bó bá ṣe pé bí o ṣe ń jórin lò ń ránṣọ," Télọ̀ á ní, "ìhòòhò ni gbogbo wa ì bá wà."

"Bí ìwọ náà bá ṣe géètì, ewúrẹ́ á kàn forí tì í wọlé ni."

Alága ni wọ́n ń pe bàbá wa. Bí omi ẹ̀rọ bá dá, ilé wa ni wọ́n ń kàn. Bí tọkọtaya bá jà, ilé wa náà ni. Síbẹ̀, kò fi ti ìta pa ti ilé lára. Lọ́dún tí àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀, òun ló ń wẹ̀ wá, òun ló ń dirun wa. Ìka rẹ̀ le bí èèpo igi, irun wa sì máa ń rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wá rẹ́rìn-ín nílé ìwé á jìyà.

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan ní àwọn máa wó àwọn ilé ìsàlẹ̀ òpópónà wa, kí wọ́n fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bàbá wa pe ìpàdé sí pálọ̀ wa. Gbogbo wọn fẹnu kò pé lọ́jọ́ tí katapílà bá dé, tọmọdé tàgbà ni yóò dúró níwájú rẹ̀.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," Télọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, bàbá wa nìkan ló jáde. Ó dúró láàárín títì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn. Kọ́tìnì ń mì lójú wíńdò àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ò ṣí. Àwọn ọlọ́pàá wọ́ ọ sẹ́yìn ọkọ̀, katapílà sì kọjá. Ìgbà tó fi máa padà dé láti àtìmọ́lé, ó ti ń tiro, ó sì tiro wọ sàréè.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣì ń bá wọn tún géètì ṣe. Àwọn ni wọn ò wá sílé wa mọ́, wọ́n sì fi Télọ̀ ṣe alága.

Télọ̀ yìí ló wá dìde ní gbọ̀ngàn, tó nu ojú. "Akọni ni olóògbé. Èmi àti ẹ̀ la jọ jà fún àdúgbò yìí."

Ìyá wa dìde. "Bàbá Télọ̀, ẹ dákun, ẹ sọ ohun tí ẹ ń sọ kiri láti ojúlé dé ojúlé kí katapílà tó dé."

Ìyá alágbàfọ̀, tí wọ́n wólé rẹ̀ nígbà náà, ló dáhùn: "Télọ̀ ní Alága ti gba ilé tuntun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ó ní ó kàn fẹ́ fi wá ṣeré ni."

"Ilé tuntun wo? Ilé tó ń jò yẹn náà lọkọ mi kú sí."

"Ẹ̀rù ló bà mí," Télọ̀ ní. "Ilé iṣẹ́ náà ní bí mo bá lè tú àwọn ará àdúgbò ká, àwọn ò ní fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù mi."

Ìyá alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ foríjì wá, Ìyá."

"Dìde. Ṣé ilé wa jìnnà ni? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò wá bi í?"

Télọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde.

Nígbà tí a délé, mo kọjú sí ìyá mi. "Ẹ ti mọ̀ tipẹ́?"

"Bàbá rẹ ló sọ fún mi. Àtìmọ́lé ló ti gbọ́, àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n má sọ, kí àdúgbò má bàa tú."

"Ẹ wá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn rán aṣọ ìgbéyàwó mi?"

"Bàbá rẹ ló ní kó rán an. Ó ní bóyá bó bá ń wọn ọmọ òun, á jẹ́wọ́."

Lọ́jọ́ tó wọ̀n mí, kò jẹ́wọ́. Ó pè mí lọ́mọ òun, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ kí apá aṣọ náà gùn.