Ọwọ́ Òsì Nínú Ìwé Àwòrán

Gbogbo ìwé àwòrán tí mo bá mú fáwọn ọmọ kíláàsì mi nílé ìtàwé ní Yábàá ni Bàbá Fàsásì, alága ilé ẹ̀kọ́ wa ní Muṣin, ń kọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́; ìyẹn, mo gbà. Àmọ́ èyí tó rẹwà jù, wọ́n tún kọ̀ ọ́!

"Wò ó, Sìmíátù. Ọmọ òyìnbó yìí ń fi ọwọ́ òsì gbé tíì fún bàbá ẹ̀. Ṣé ohun tá a máa fi kọ́ ọmọ wa nìyí?"

"Bàbá, àwòrán lásán ni!" Ohùn mi ti ròkè, ẹni tó ń tàwé ti ń wò wá. "Irú ìwé yìí náà ni mo kà dàgbà. Kí ló ṣe mí?"

Bí Bàbá ṣe fẹ́ dá ìwé náà padà, mo já a gbà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá ò pariwo. Ọwọ́ mi tó di ìwé náà mú ni wọ́n ń wò. Èmi náà wò ó. Ọwọ́ òsì ni.

"Sìmíátù," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ṣé o ṣì ń bèèrè ohun tó ṣe ẹ́?"